Ọwọ́ Pupa Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ̀yọ́

Ìgbà SAP ni, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Ọ̀dà tí àwọn ọmọdé fi ń kun àwòrán ti di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ò tó. Èmi sì nìyí, akẹ́kọ̀ọ́ tíṣà láti Ọ̀yọ́, tí wọ́n ní kí n wá fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo ti ra osùn l'Ọ́jà Akẹ̀sán kí n tó kúrò ní Ọ̀yọ́, mo fi omi pò ó. Mo ra búlùú ìfọṣọ. Mo lọ èédú kúnná. Ògì ni mo sè tó ki dáadáa, òun ni gọ́ọ̀mù wa.

Iṣẹ́ náà ò le. A gé ilá sí méjì, a tì í bọ búlùú, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, ó di òdòdó. Ó wá di Ọjọ́bọ̀, mo ní kí a ṣe adìyẹ. Ọmọ á ki àtẹ́lẹwọ́ bọ osùn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Àtàǹpàkò di orí adìyẹ, ìka mẹ́rin tó kù di ìyẹ́. A fi ògì lẹ hóró ẹ̀gúsí kan, ìyẹn ojú rẹ̀, a sì lẹ ìyẹ́ adìyẹ gidi mọ́ orí ìka kọ̀ọ̀kan. Inú èmi gan-an dùn ju ti àwọn ọmọ lọ.

Mo fi òwú so gbogbo wọn kọ́ sára ògiri kíláàsì, àyàfi ẹyọ kan. Ti ọmọbìnrin kan ló mọ́ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo kì í sínú báàgì, mo gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ láti fi yangàn fún ìyá mi. Mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Mọ́ńdè, ọmọ náà ò wá. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló wá, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ, tó ń ta kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò wọlé.

"Tíṣà, ọwọ́ ọmọ mi dà?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ó ní ọmọ dé láti ilé ìwé, ó ní Àǹtí àwọn fi nǹkan pupa kun òun lọ́wọ́, ó sì sọ ọwọ́ òun di adìyẹ. Láti Sátidé ni ara ọmọ náà ti ń gbóná, kò jẹ, kò mu. Ó wo ara ògiri. Ó ní kí n fi ti ọmọ òun han òun láàárín wọn.

"Mà, bébà lásán ni," mo ní.

"Kí là ń fi adìyẹ ṣe?"

Mo yíjú sí àwọn adìyẹ ara ògiri.

"Pípa là ń pa á," ó ní. "Ọwọ́ ọmọ mi tí o sọ di adìyẹ, ibo ló wà?"

Ẹni tó bá gbé ayé nígbà yẹn mọ bí ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ṣe kún ẹnu gbogbo èèyàn. Bí mo ṣe ní Ọ̀yọ́ ló wà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi gba ìdí, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kékeré àwọn ọmọ. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

"Mi ò ní bá ọ jà. Lọ gbé e wá. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn kí o tó dé, gbogbo Sábó ló máa gbọ́ ẹni tó mú ọwọ́ rẹ̀ lọ."

Ọ̀gá ilé ìwé wa ti ń gbọ́ wa látẹ̀yìn. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé kí n tètè máa lọ sí gárèèjì.

Mo wọ bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́. Mo ń bẹ̀rù àwọn ará àdúgbò, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé mi kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èyí tí mi ò fẹ́ jẹ́wọ́ fún ara mi ni pé mo ti ń bẹ̀rù bébà náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá kú ńkọ́?

Nígbà tí mo dé ilé wa ní Ọ̀yọ́, bébà náà ò sí níbi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní pálọ̀. Ìyá mi, tíṣà lòun náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ, ò tilẹ̀ wo ojú mi.

"Mo yọ ọ́," ó ní. "Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó tún pupa bẹ́ẹ̀, mi ò lè máa wò ó kí n máa jẹun."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tì í sí, nínú àpótí aṣọ àtijọ́. A fà á jáde. Aáyán ti bá a. Ògì tí mo fi lẹ ìyẹ́ ló fà wọ́n, wọ́n sì jẹ bébà mọ́ ògì. Ìka ọmọńdinrín ti lọ tìdítìdí. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kí n má purọ́, èrò burúkú wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ aládùúgbò wa kan ń ṣeré lágbàlá, òun àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn á jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Osùn ṣì wà nílé. Mo pò ó, mo pe ọmọ náà, ó sáré wá, ó na ọwọ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni mo rí i pé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mìíràn ni mo tún fẹ́ gbé lọ. Mo ní kó padà lọ ṣeré.

Èyí tí aáyán jẹ ni mo gbé padà. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ilé ìyá àgbà. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó dijú, ètè rẹ̀ gbẹ. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ti fún un lábẹ́rẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo na bébà náà. Ìyá àgbà wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan ibi tó ṣófo. Ó dìde, ó lọ ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé márùn-ún.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ó wọ yàrá, ó gbé igbá osùn tirẹ̀ jáde, ó tẹ́ bébà náà sílẹ̀ níwájú mi.

"Fi tìrẹ síbẹ̀."

"Mà?"

"Ohun tó bá ojú ló bá imú. Fi ọwọ́ tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Èmi tí mo ní bébà lásán ni, mo ki ọwọ́ bọ osùn, mo gbé e dé orí bébà, ọwọ́ kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ìyá àgbà ò tì mí, kò bá mi wí, ó kàn ń wò mí. Mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ká bébà náà, ó gbé e wọlé.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti jáde nílé ìwé, ilé wọn ni mo ń gbà lọ. Mo ń lọ wo ọmọ, mo sì ń lọ wo ara mi. Bí ó bá kọ oúnjẹ, èmi náà ò ní lè jẹun. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó jókòó, ó mu ẹ̀kọ. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó padà sí kíláàsì, ó ní òun tún fẹ́ ṣe adìyẹ. Ilá ni mo kó fún un.

Nígbà tí ìdánrawò mi parí, mo lọ dágbére fún ìyá àgbà nídìí ọjà rẹ̀. Mo kí i títí, kí n tó rí ẹnu sọ ọ́.

"Mà, bébà yẹn ńkọ́? Ara ọmọ ti yá. Ẹ jẹ́ kí n gbà á."

Ó ń to kànìnkàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣebí bébà lásán ni, Tíṣà?"

Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo tún yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ má jẹ́ kí aáyán dé ibẹ̀."