Ẹ̀rọ Tí Ewúrẹ́ Ò Bẹ̀rù

Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa n'Ígbó-Ọrà ni ìyàwó mi ń sá láfún sí, ibẹ̀ náà sì ni ewúrẹ́ aládùúgbò wa ti ń wá jẹ ẹ́. Ni mo bá gé páànù bí abẹ̀bẹ̀ sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó kan, mo so agolo mílíìkì rọ̀ mọ́ ọn, mo gbé e sórí òpó kí ariwo rẹ̀ lè máa lé ewúrẹ́. Atẹ́gùn fẹ́, agolo ń dún. Ewúrẹ́ wò ó díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ òpó, ó ń jẹ láfún lọ.

Aládùúgbò wa bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbejì, ohun tí ẹ kọ́ ní yunifásítì rèé? Ẹ tà á fáwọn tó ń ra irin àlòkù!"

Ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ láfún wa, òun tún ń fi mí ṣẹ̀sín! Mo gbà pé ẹ̀rọ náà ò wúlò. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó rò pé ó yẹ kójú tì mí, èmi tí mo ń fayọ̀ kọrin ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, oní-irin-àlòkù dé lóòótọ́. Ìyàwó mi ló jáde sí i. Mo rò pé yóò tà á, torí láfún rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń jẹ.

"Ẹ máa lọ, a ò tà á," ló wí. Ó wá kọjú sí mi: "Ẹ fi agolo tòmátò kún un, kóhùn rẹ̀ lè kì dáadáa. Ewúrẹ́ yẹn, èmi á máa fi igi lé e."

Ọbẹ̀ tòmátò alágolo la jẹ títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí.