Gíláàsì Tí Sarita Fọ́ ní Glenn Dale

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo tẹ̀lé ará Índíà kan lọ sí kọ́ọ̀tù ní P.G. County, ní Maryland níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí a ṣì ń ra fóònù káàdì ká tó lè gbóhùn ará ilé. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ọkàn mi máa ń wúwo.

Hyattsville la ń gbé nígbà yẹn, èmi, bàbá Ráfíù ọkọ mi, àti àwọn ọmọ wa. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mò ń gba èébú wọn pẹ̀lú! Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Sarita. Yàrá ìfọṣọ lòun wà. Ilé kan náà la sì jọ ń gbé, àwa lókè, òun nísàlẹ̀. Kò mọ mọ́tò wà, nítorí náà èmi ni mo máa ń fi Corolla mi gbé e lọ síbi iṣẹ́. Dídì ló ń pè mí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin nílé wọn nìyẹn.

Gẹ̀ẹ́sì àwa méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa yé ara wa. Ata gan-an ló kọ́kọ́ sọ wá dọ̀rẹ́! Ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ ilé ìtọ́jú yẹn rí ló máa mọ ìdí tí a fi ń bu ọbẹ̀ fún ara wa.

Ó pẹ́ kó tó sọ fún mi pé òun bímọ rí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Meena lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí Sarita ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló fi ọmọ náà sí, pé bí ìwé òun bá ti dára, òun á ránṣẹ́ mú un. Mélòó nínú wa ni kò ṣe irú ẹ̀ rí? Èmi náà fi Ráfíù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Èmi rí ọmọ tèmi gbà padà. Sarita ò rí tirẹ̀.

Òrùlé ilé ìwé ló wó pa Meena àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Òjò rọ̀ díẹ̀, òrùlé já. Gbogbo ìlú ló mọ kọ́ngílá tó kọ́ ilé náà. Wọ́n sì mọ̀ pé iyanrìn ló fi ń kọ́lé, sìmẹ́ńtì kàn ń yọjú sí i ni.

Àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù nílé wọn lọ́hùn-ún. Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Àwọn lọ́yà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n tún sún un. Adájọ́ tuntun dé, ó ní òun ò tíì ráyè ka ìwé ẹjọ́. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ wá tò tán, mínísítà kan ń gba ìlú kọjá, gbogbo ọlọ́pàá ló ti tò sójú títì láti kí i, kò wá sí ẹni tó máa kó ẹlẹ́rìí wá. Sarita wọ bàálù láti Maryland lọ síbẹ̀ nítorí ẹjọ́ yìí. Inú kọ́ọ̀tù gan-an, wọn ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ló jáde sí wọn lábẹ́ igi, tó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún.

Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ ṣe ń wọ́ bí ìgbín, ṣé ẹ mọ ohun tó yá kíákíá? Ère! Wọ́n gbé ère olóṣèlú kan kalẹ̀ síbi tí ilé ìwé yẹn wó sí. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá oníbọn máa ṣọ́ ọ. Wọ́n wá kọ́ òrùlé lé e lórí kí òjò má baà pa á. Sarita fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó ní, "Dídì, òrùlé ti ère yẹn ò jò rárá."

N ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé Nàìjíríà tiwa ló sàn, tí màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni ẹlẹ́ni? Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé kọ́ngílá yẹn di aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹni tí kọ́ọ̀tù ò tíì dá lẹ́jọ́ ni wọ́n dìbò fún kó máa lọ ṣòfin. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Sarita lọ ra ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Índíà, ó rí pósítà lára ògiri. Àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti ilé, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú wọn fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá nínú gbọ̀ngán kan ní Glenn Dale. Ó wo ojú àlejò. Kọ́ngílá ni.

Ó gòkè wá bá mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé òun lọ. Ó ní òun kàn fẹ́ fi ojú òun rí i ni.

Bàbá Ráfíù gbọ́ ọ láti pálọ̀. Ìwé gíríìn káàdì wa ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà yẹn, a ò tíì ṣe intafíù. Nígbà tí Sarita lọ tán, ó pè mí. "Ìyá Ráfíù, ìjà àwọn ará Índíà kọ́ la bá wá sílùú yìí o. Bí ọlọ́pàá bá kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kí la fẹ́ wí?" Mo ní a kàn fẹ́ lọ wòran ni, a ò ní pẹ́ dé.

Wòran!

Gbọ̀ngán kún. Òdòdó wà káàkiri, àwọn ọmọdé ń jó. Wọ́n fi òdòdó kọ́ aṣòfin náà lọ́rùn títí tí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àgbọ̀n rẹ̀ mọ́. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ó rí i pé n ò gbọ́ èdè wọn, ó sì ń fi gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Aṣòfin ń sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú. Ó ní àwọn ń kọ́ géètì ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà ìlú, kí àlejò lè mọ̀ pé ìlú gidi lòun dé. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Sarita bá dìde. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngán yíjú sí i. Ojú bàbá tó jókòó tì mí yí padà. Mo bi í pé kí ló wí.

Ó ní, "Ó ń bi í pé àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé tó kọ́ ńkọ́."

Aṣòfin rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dáhùn bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bàbá náà dorí kodò kó tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: kí arábìnrin ní sùúrù, ọ̀rọ̀ wà ní kọ́ọ̀tù, òfin ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà!

Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fẹ́ fún un wà lórí tábìlì níwájú, gíláàsì ńlá tó ń tàn yanran. Kí n tó dìde, Sarita ti dé ọ̀hún. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé gíláàsì náà sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀, níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà rárá.

Mo fà á jáde. A ò tíì dé ibi tí mo páàkì sí tí ọlọ́pàá fi dé. Àbí ẹ ò rí ayé? Àwọn ọmọ kú, ọlọ́pàá ń kí mínísítà lójú títì. Gíláàsì fọ́, ọlọ́pàá dé kí àfọ́kù rẹ̀ tó fara balẹ̀ nílẹ̀!

Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ẹjọ́ gíláàsì nìkan ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn sọ fún ìjọba pé Sarita fẹ́ fi gíláàsì náà fọ́ orí àlejò ni. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Lọ́yà tí ìjọba fún un bèèrè bóyá ẹnì kan lè wá jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. A wá bàbá tó túmọ̀ fún mi lọ. Ó bẹ̀ wá, ó ní àárín àwọn èèyàn yẹn lòun ń gbé. Ó ku èmi.

Bàbá Ráfíù ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Mo ní òótọ́ ni mo fẹ́ lọ sọ. Ó ní, "Ta ni òótọ́ gba gíríìn káàdì fún rí?" Ẹ̀rù ń ba èmi náà, n ò ní purọ́ fún yín. Bí wọ́n bá ní ká máa lọ sílé, kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹjọ́ máa wáyé, lẹ́yìn tí a kírun àsùbáà tán, bàbá Ráfíù kò dìde lórí ẹní. Ó ní, "Mo ti ro ó. Ká ní Ráfíù ni..." Kò parí ẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ohun tí o rí nìkan ni kí o sọ o."

Ohun tí mo rí nìkan náà ni mo sọ. Mo wí i: ẹ̀yìn Sarita ni mo dúró sí, ilẹ̀ ló là á mọ́, kò sọ ọ́ lu ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ò lè wo ojú mi.

Obìnrin ni adájọ́ náà, irun rẹ̀ ti funfun. Ó kọjú sí Sarita, ó bi í pé kí ló dé tó fi fọ́ ọ. Lọ́yà fẹ́ bá a dáhùn, adájọ́ gbọ́wọ́ sókè, ó ní Sarita lòun ń bi. Ògbufọ̀ dúró tì í. Sarita sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: òjò, òrùlé, àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń sún síwájú. Adájọ́ ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó bèèrè pé, "Kí lorúkọ ọmọ rẹ?"

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún Sarita.

"Meena."

Adájọ́ pe orúkọ náà padà, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣì í pè. Ó bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Sarita ní ọmọ ọdún méje ni. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé bí Sarita bá ti jìnnà sí gbọ̀ngán yẹn, tí kò sì dá wàhálà mìíràn sílẹ̀, ó ti tán nìyẹn.

Inú mi dùn! Mo dì mọ́ ọn níta, mò ń ṣe alihamudulilai. Mo rò pé a ti borí. Àfi bí Sarita ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní páàkì mọ́tò, tó bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ó ní, "Dídì, láti ọjọ́ tó ti kú, kò sí adájọ́ kankan nílé tó bèèrè orúkọ rẹ̀. Àṣé gíláàsì ló gbọ́dọ̀ fọ́ kí wọ́n tó bèèrè ẹ̀!"

Mo jókòó tì í.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwé tiwa jáde. Sarita kó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní New Jersey, a ṣì máa ń pe ara wa. Ẹjọ́ ti ilé ńkọ́? Wọ́n ṣì ń sún un síwájú ni. Ìyá Sarita kú sẹ́nu ẹjọ́ náà. Aṣòfin náà wà nípò títí, ó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe pàtàkì sí ìlú kan, ẹ má wo òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń sáré sí. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ ti òkú rẹ̀ fún yín, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ẹjọ́ dé dúró.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni tiyín tí kọ́ọ̀tù ò bèèrè orúkọ rẹ̀ rí, yálà ní Nàìjíríà tàbí níbí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bó jẹ́ orúkọ nìkan lẹ lè kọ, ó tó. Màá kà á sókè.