Àna Inú Fíìmù

Ohùn Clement Ọlálẹ́yẹ ló kó o sí wàhálà. Iṣẹ́ sọ́míìlì ló ń ṣe ní Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá ń la pákó láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, tó sì fẹ́ kí ẹnìkejì òun gbọ́ òun, ó ní láti pariwo ju ayùn lọ. Clement pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ki. Tó bá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé á máa gbọ̀n, àwọn ọmọ ọwọ́ á bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ìjọ ní ẹ̀bùn ni.

Ọ̀kà ló ń gbé pẹ̀lú Grace ìyàwó rẹ̀ àti Success ọmọ wọn. Grace ń ta gàárì. Ọmọ Ìpè ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń wọlé.

Ajíhìnrere Ẹ̀ríolúwa, olórí ẹgbẹ́ òṣèré ìjọ wọn ní Ìkàrẹ́, wá ní òun fẹ́ ṣe fíìmù olórin. Ọkùnrin kan fẹ́ ìyàwó, èṣù dán an wò, ó ṣubú, ó kọrin ìrònúpìwàdà, ó padà sílé. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Clement ni yóò ṣe ọkọ, nítorí ohùn. Wọ́n kọ́kọ́ bẹ Grace pé kó wá ṣe ìyàwó.

"Ta ló máa bá mi ta gàárì?" Grace ní. "Ohùn tèmi sì dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Ẹ wá ẹlòmíràn. Iṣẹ́ Olúwa ni, mi ò ní bínú."

Ó sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Ó padà bínú.

Motúnráyọ̀ ni wọ́n mú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Àkùngbá, ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà. Ó mọ orin, ó sì rẹwà. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń jẹ́ Caleb, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé ìyẹn kan fíìmù.

Ibi ìdána ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀ríolúwa fẹ́ kó jọ òótọ́. Kò fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ òwú mọ́ àgbọ̀n kó ní òun di bàbá ìyàwó. Ó ní agboolé gidi ni àwọn yóò lò, pẹ̀lú àgbà gidi. Ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ bàbá àgbà Motúnráyọ̀ lọ, Baba Ọláfimíhàn, olórí agboolé wọn ní Ìwàrò. Wọ́n gbé iṣu lọ, oyin, iyọ̀, obì, orógbó, Bíbélì. Kò sí ayédèrú níbẹ̀.

"Kí ni kí n sọ?" Baba béèrè.

"Ohun tí ẹ máa ń sọ níbi ìdána náà ni, Baba."

Àṣìṣe nìyẹn. Baba sọ ohun tó máa ń sọ. Wọ́n ti fún un ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú fíìmù, kò kà á sí. Clement ọmọ Ọlálẹ́yẹ ló pè. Ó pe Motúnráyọ̀ ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ó pe àwọn baba rẹ̀ tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá jẹ́rìí. Ó gbàdúrà lórúkọ Jésù, omijé ń bọ́. Gbogbo agboolé ṣe àmín. Clement dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀ríolúwa kò dá Baba dúró, ó ní òun kò rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un yà lẹ́ẹ̀kan sí i."

"A kì í fa ọmọ kan náà fọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì," Baba ní. Ó la obì, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n pín oyin. Àwọn òṣèré kò tíì dé Ìkàrẹ́ tí odó iyán ti ń dún nínú agboolé.

Kò pẹ́, Baba ránṣẹ́ sí Clement. Ó ní àká iṣu òun wó, kó wá bá òun tún un dì. Clement lọ. Baba tún ránṣẹ́ pé ebè kù lóko. Clement tún lọ. Àgbà kì í pe èèyàn kéèyàn máa wò ó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Àkókó, ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹni ló ń ṣiṣẹ́ oko ẹni. Clement ń ṣe ojúrere. Baba ń gba ẹ̀tọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan wọ́n pàdé ní Ìkàrẹ́. Clement dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Baba yíjú sí àwọn tó dúró.

"Ẹ rí àna mi? Ọkọ Motúnráyọ̀ nìyẹn. Ẹ wò ó bó ṣe nà."

Oníbàárà Grace kan wà níbẹ̀. Kí Clement tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé.

"Bàbá Success, ẹ káàbọ̀. Oko àna ńkọ́?"

"Oko àna wo?"

"Èyí tí ẹ lọ kọ ebè sí. Ebè tiwa ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí."

"Ìyá Success, fíìmù ni!"

"Ebè yẹn, fíìmù ni?"

Grace di ẹrù, ó mú Success, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní Ìpè.

"Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jìjà orogún," ló sọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́ tí Baba bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ kì í ṣe àna òun, ẹ wá mú mi. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Clement wá ń mu gàárì láàárọ̀, ó ń mu gàárì lálẹ́. Ní sọ́míìlì wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Oníyàwó méjì! Ta ló dáná tòní?"

Ó mú Ẹ̀ríolúwa, wọ́n lọ bẹ Baba.

"Baba, eré la ṣe," Ẹ̀ríolúwa ní.

"Iṣu tí mo jẹ, eré ni?"

"Rárá, sà."

"Àwọn baba mi tí mo pè, wọ́n mọ fíìmù? Tẹlifíṣọ̀n wà lọ́dọ̀ wọn?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Àdúrà tí mo gbà, tí ìwọ Ajíhìnrere fi ẹnu ara rẹ ṣe àmín sí, irọ́ ni àbí òótọ́?"

Ẹ̀ríolúwa gbé ọ̀rọ̀ náà wò. Tó bá ní irọ́ ni, ó ti fi orúkọ Olúwa ṣeré. Tó bá ní òótọ́ ni, ó ti fún Clement níyàwó kejì. Ó ní òun yóò lọ gbàdúrà sí i.

Motúnráyọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dá sí i. "Baba, èmi ní àfẹ́sọ́nà o."

"Caleb? Ó ti gbé iṣu wá?"

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni, Baba."

"Ó ti wá kọ ebè?"

"Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́."

"Bá mi kí i." Baba yíjú sí Clement. "Àna mi, apá kan àká yẹn ṣì kù o."

Clement gun ọ̀kadà rẹ̀, ó di Ìpè. Grace kò jẹ́ kó wọlé. Ìta ló ti ro ẹjọ́ rẹ̀ tán. Nǹkan kan ṣoṣo ni obìnrin náà bi í.

"Baba yẹn, ṣé ó fẹ́ràn fíìmù náà?"

"Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ jù! Ó ti ránṣẹ́ sáwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìkáràm pé kí wọ́n wá wo òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde. Ó ti ra fìlà tuntun."

"Ẹ dúró," Grace ní, "kí n mú ìborùn. Ẹ ránṣẹ́ pe Ajíhìnrere."

Nígbà tí gbogbo wọn pé ní agboolé Baba, Grace kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kúulé, Baba. Èmi ni ìyálé Motúnráyọ̀. Mo wá kí yín kú oríire." Kò dìde. "Ajíhìnrere, ẹ gbà mí láyè kí n bi yín. Ṣé ìjọ yín lè fi ibi tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ìyàwó kejì han àwọn èèyàn Ọlọ́run nínú fíìmù?"

"Ká má rí i, Sístà."

"Tó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni ìdána yìí ńkọ́?"

Ẹ̀ríolúwa wò ó. Ó wo Baba. Ojú rẹ̀ là.

"Á jẹ́ pé a máa gé ibẹ̀ kúrò nìyẹn."

Baba nà ró. "Ibo lẹ máa gé?"

"Ibi ìdána, Baba. Gbogbo rẹ̀."

"Títí kan ibi tí mo ti sunkún?"

"Ibẹ̀ gan-an, sà."

"Níbo ni wọ́n á wá ti rí mi?"

"Wọn ò ní rí yín mọ́, Baba. Ewúrẹ́ yín ni wọ́n máa rí. Ó gba iwájú wa kọjá níbi orin ìkẹyìn."

Baba bọ́ fìlà, ó wò ó, ó tún dé e. Motúnráyọ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

"Obìnrin yìí," Baba ní, "ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìpè, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí wọ́n gbé obì wá. Ó là á, ó kọjú sí ìyẹ̀wù.

"Ẹ̀yin baba mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ níjọ́sí, eré ni. Wọ́n ń ya àwòrán mi ni. Ẹ̀yin náà ṣeré nígbà tí ẹ wà níhìn-ín, ẹ má bínú sí mi. Ọmọkùnrin yìí kì í ṣe àna mi. Lórúkọ Jésù."

"Àmín!" Adìẹ tó wà lórí àká já bọ́ sílẹ̀. Clement ló ṣe àmín náà.

"Ṣùgbọ́n apá àká tó kù yẹn," Baba ní.

"Caleb ń bọ̀ wá dì í," Grace ní. Motúnráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Grace jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n forí lé ilé. Ìyá Grace ni yóò mú Success bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Success, Ajíhìnrere fi ìdána yẹn hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, mo rí i. Ẹ gba Bíbélì, mo rí i. Ẹ̀rín tí ẹ wá ń rín sí ọmọ yẹn, ta ló ní kí ẹ rín in?"

Clement ní ariwo ọ̀kadà kò jẹ́ kí òun gbọ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń sọ̀ lọ. Ó ti pa ẹ́ńjìnnì láti fi tọ́jú epo. Ọ̀kadà ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, èèyàn lè gbọ́ dídún kòkòrò nínú koríko.