Ṣíbí Onígi Tí Oníyìnyín Jí

Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Kì í ta yìnyín o. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù ló ń tọ́jú: fíríìjì gàgàrà àwọn ẹlẹ́ja, yàrá tútù àwọn alápatà, àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí níbí báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rọ̀ mí lẹ́nu.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọ eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo fíríìjì ńlá, àwọn irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó tò bí ojú ewé ìwé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí, ibẹ̀ náà ni eruku ń sá sí. Tó bá ti ilé búrẹ́dì dé, ìyẹ̀fun ló máa ń gbọ̀n sílẹ̀. Tó bá ti ọ̀dọ̀ aládìyẹ dé, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ á máa fò káàkiri yàrá wa, màá sì dùbúlẹ̀ máa wò wọ́n títí n ó fi gbàgbé pé mo gbé nǹkan kaná. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló fi ń gbọn irin yẹn, láti òkè wá sílẹ̀. Kì í fà á níbùú láé, torí irin náà tínrín, ó máa ń tètè tẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì, á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Ṣíbí onígi gígùn kan tó jí nínú ilé ìdáná mi lọ́dún tí a ṣègbéyàwó ló ń lò. Á fi orí ṣíbí ti ara ẹ̀rọ, á fi ìdí rẹ̀ sétí, á dijú. Kódà tí fíríìjì ilé wa bá dákẹ́ nígbà tó ń sùn lọ́sàn-án, ńṣe ló máa ń ta jí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fíríìjì dákẹ́, ọkọ mi kò jí. Mo jókòó tì í. Òòrùn rọra ń rìn lórí ìbora, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́ débi pé mo ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń yọ́, tí omi rẹ̀ ń kán. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ ló tó lajú, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ó ti tó ọdún kan tó jẹ́ pé "ó dáa bẹ́ẹ̀" ni èsì gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Kí ni Oníyìnyín fẹ́ fi ayé ṣe tí kò bá gbọ́ ẹ̀rọ mọ́?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alápatà kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè é. Yàrá tútù rẹ̀ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, odindi màlúù mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀. Ìyàwó alápatà ti ta mí lólobó pé wọ́n ti sọ fún ọkọ òun pé etí Oníyìnyín ń di, àti pé tó bá ṣi iṣẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì ló máa gbà á. Mo bá tẹ̀lé ọkọ mi, mo ní ẹran ni mo fẹ́ rà.

Inú yàrá náà funfun, èéfín tútù ń rá lọ nílẹ̀, ẹran so rọ̀ láìmira. Ẹ̀rọ ń kùn bí ẹni tó ń kọrin sínú. Alápatà káwọ́ gbàyà. Ọkọ mi yọ ṣíbí. Mo ń retí kó gbé e sétí, ṣùgbọ́n eyín ló fi há ìdí rẹ̀, ó dijú. Mo ti rí ojú eyín lára ṣíbí yẹn nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀ rí, eku ilé ni mo sì ń bú.

Alápatà béèrè bóyá ó fẹ́ jẹ ẹ̀rọ òun ni. Ọkọ mi yọ ṣíbí lẹ́nu.

"Gáàsì ò tán. Fáànù òkè yẹn ni, àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó ń gbé e yí ti jẹ. Ẹ pa iná."

Wọ́n pa iná, wọ́n tú fáànù. Bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó yẹ kó máa dán ti dúdú, méjì ti fọ́. Ó pààrọ̀ wọn, ó gbọn irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́, òtútù ti ń bù wá jẹ. Alápatà dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nígbà tí a délé, mo mú un jókòó. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ ṣe. Mo pariwo sí i lójú pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ẹnu mi ló ń wò. Ó ní etí òsì ti kú, ọ̀tún ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ ṣì ń gba inú eyín wọlé sí òun lórí.

"Ẹ̀rọ, mo lè há a léyín," ó ní. "Ìwọ ńkọ́? Ohùn ẹ ni mi ò gbọ́ mọ́, ìyàwó."

Mo mú ṣíbí, mo nù ún, mo fi orí rẹ̀ ti ọ̀fun mi, mo sì na ìdí rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó há a léyín, ó dijú. N kò tíì ro ohun tí màá sọ.

"Ṣíbí mi tẹ́ ẹ jí," mo ní, "mo fẹ́ gbà á padà."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tú ṣíbí náà sílẹ̀, ó kàn rọra ń mi orí pé rárá.