Ẹ̀fọ́ Tí Mo Fi Omi Aró Rin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ara mi di ẹni ẹ̀sín ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín in tó.

Aláró ni mí. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọmọ méjì ni mo ní, Rísí ni àgbà wọn. Ìyá ọkọ mi ń ṣe oko ní Ọdẹ́dá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ wá bá wa: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata díẹ̀. Wọ́n á gbé Rísí sẹ́sẹ̀, wọ́n á máa bá a ṣeré, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ìgbà yẹn ni rédíò ń pariwo pé kí olúkúlùkù gbin nǹkan sẹ́yìn ilé. Mo ní èmi náà á gbìn. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ilẹ̀ Abẹ́òkúta? Mo gbé ọkọ́ sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, àpáta ló dá mi lóhùn. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀!

Wọ́n ní ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àpáta lè ṣe bẹ́ẹ̀dì: kó mọ odi kékeré yí ká, kó kó iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, kó gbin ẹ̀fọ́ sí i. Owó búlọ́ọ̀kù kò sí lọ́wọ́ mi. Mo ṣa àfọ́kù ìkòkò aró jọ, mo fi pákó ìsọ̀ kan tó ti wó kún un, mo tò ó yí ká. Iyẹ̀pẹ̀ àkìtàn àti ìgbẹ́ adìẹ ará ilé kejì ni mo kó sínú rẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo wá ń yí i ká bí ẹni tó kọ́ ilé alájà.

Tẹ̀tẹ̀ náà hù, orí mi sì wú. Lọ́jọ́ ọjà, bí Màmá ṣe sọ ẹrù báyìí, mo fà wọ́n lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní ru ẹ̀fọ́ wá mọ́ o. Ẹ sinmi. Ẹ̀fọ́ ti wà nílé wa."

Wọ́n wò ó títí, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Wọn ò jókòó pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, wọn ò yọjú. Rísí ń bi mí pé níbo ni Màmá Ọdẹ́dá wà. Ọkọ mi wò mí, ó ní ṣé mo mọ̀ pé mo ti lé ìyá òun? Mo ní ẹrù ni mo ní kí wọ́n má rù, n ò lé ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà, ojú ọ̀nà ni mò ń wò.

Ìgbà yẹn náà ni omi ẹ̀rọ kò tún yọ mọ́. Èmi ọlọ́gbọ́n orí, mo wo omi tí mo fi ṣan aṣọ aró, mo ní ṣé kí n da gbogbo èyí nù ni? Mo bù ú, mo fi rin ẹ̀fọ́. Sódà tí a fi ń po aró, tó ń bó wa lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo gbàgbé pé ó wà nínú omi náà. Aró ṣe àmì sára ewé. Àwọn aláró ẹgbẹ́ mi ń bi mí pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ẹ̀kọ yà ni mo gbìn ni àbí oníko tí a fi ìko dì. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ rọ, ó gbẹ.

Ìgbà náà gan-an ni Màmá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹ̀fọ́ wo ni n ó fi hàn wọ́n?

Ẹ má bú mi. Mo sáré lọ ọjà láàárọ̀ Jímọ̀, mo ra tẹ̀tẹ̀ tó ní gbòǹgbò, mo rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ó dúró dáadáa, mo ní Ọlọ́run ti bo àṣírí mi.

Màmá dé, wọ́n ní kí n mú wọn lọ wo oko mi. Wọ́n nawọ́ sí tẹ̀tẹ̀ kan, wọ́n fà á. Odindi ìdì kan ló bá wọn lọ́wọ́ jáde, okùn tí alátẹ fi dì í ṣì wà nídìí rẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kí n tú u.

Tí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Màmá wo okùn, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé inú ilẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ tìrẹ ti ń di ara rẹ̀ ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀, títí dórí omi aró. Màmá bá tú kókó etí ìró wọn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n dì síbẹ̀. Wọ́n ní látọjọ́ tí mo ti sọ pé ẹ̀fọ́ wà nílé ni àwọn ti ń wá ohun tí àwọn tún lè mú wá. "Tí mo bá ń wá lọ́wọ́ òfo, ẹ ó ní oúnjẹ ọmọ mi ni mo wá jẹ."

Ojú tì mí nítorí okùn yẹn, àmọ́ ti ọ̀rọ̀ yìí jù ú lọ. Omi bọ́ lójú mi.

A jọ kó iyẹ̀pẹ̀ aró dà nù, a kó òmíràn, a gbin irúgbìn náà. Nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀dì mi kún fún ẹ̀fọ́ débi pé mo ń fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Màmá ṣì ń gbé agbọ̀n tiwọn wá lọ́jọ́ ọjà. Mo ń gbà á, mo ń dúpẹ́, Rísí sì ń jókòó sẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ lè fi àfọ́kù ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó dáa. Ẹ má fi omi aró rin ín. Tí ẹnì kan bá sì ń ru nǹkan wá fún yín, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ní kó má rù ú mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ ti gbìn tó dójú tì yín? Ẹ sọ fún mi, kó má jẹ́ èmi nìkan.