Mo ní "ilé ọkọ mi", wọ́n sọ mí di onílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹnu ara mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi lónìí!

Mo pọn ọmọ lọ sí bírò, ọ́fíìsì ìjọba, ní ìlú Adja-Ouèrè, kí ìjọba lè bá wa san díẹ̀ nínú owó yàrá tá a yá.

Akọ̀wé, tó máa ń pe gbogbo èèyàn ní kámáràdì, bi mí: "Kámáràdì, ilé ta lò ń gbé?"

"Ilé ọkọ mi."

Ló bá kọ "onílé". "Onílé ò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó kàn!"

"Ẹ̀gbọ́n, a yá a ni! Ìyàwó wo ló ń pe ilé ọkọ rẹ̀ ní ilé onílé?"

"Mo ti kọ ọ́ tán."

Mo sọ ọmọ kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀; ọmọ náà ò wọ ṣòkòtò, ó sì lè tọ̀ sórí ìwé rẹ̀ nígbàkigbà. "Mi ò kúrò níbí."

Kíá ni akọ̀wé pa "onílé" rẹ́, ó kọ "ayálégbé".

Ilé ọkọ mi náà ni mo ṣì máa pè é! Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá sọ?