Ẹni Tó Ń Kó Ìráhùn Jọ

Ní ibi iṣẹ́, Gbàròyé ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló kún yàrá náà, ṣùgbọ́n òun kì í kọ ẹyọ kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìkànnì kan tó ń tọ́ka irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn àti fún gbogbo ayé, kí wọ́n má baà máa ṣe wàhálà lórí ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe tán. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lọ súà. Orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n ni kì í jẹ́ kí èèyàn rí wọn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ti pòṣé, Gbàròyé á tẹ́tí, á sì fi ìráhùn onítọ̀hún gan-an ṣe àkọlé irinṣẹ́ tó lè gbà á sílẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá sú á kàn tẹ ìráhùn rẹ̀ síbẹ̀, irinṣẹ́ á sì yọ sí i.

"Kí ló dé tí o kì í fi orúkọ irinṣẹ́ ṣáájú?" wọ́n á bi í.

"Ṣé orúkọ oògùn lẹ máa ń ké tí orí bá ń fọ́ yín ni?"

Lọ́jọ́ kan, ó yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n fajú ro. Ó ti ṣe irinṣẹ́ kan tó ń wo fáìlì méjì tó jọra, tó sì ń fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn. Ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ láìkọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò tiẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ayé kọ́kọ́ yìn ín ná. Ayé ò sì wí nǹkan kan.

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó títí di Jímọ̀, mo máa pa á rẹ́." Ó dun àbúrò rẹ̀ gan-an.

"Kí lẹ sọ ọ́?"

"Ìràwọ̀ Òwúrọ̀."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tó bá wá ìyẹn, ọṣẹ ìfọṣọ ló máa rí."

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lọ́wọ́ ni òṣé ńlá kan ti dún láti yàrá kejì, níbi tí ọkọ ẹ̀gbọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́rí tó ń ṣiṣẹ́. "Kí ló tiẹ̀ yàtọ̀ nínú méjèèjì yìí? Ẹ gbà mí o!"

"Má dá a lóhùn," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Tí mo bá béèrè, á ní iṣẹ́ ń lọ geerege."

Gbàròyé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó fi irinṣẹ́ náà sórí ìkànnì rẹ̀, ó sì kọ igbe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ sórí rẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Mo ti fẹ́ pa á rẹ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Gbọ́: 'Ẹ̀yin ọ̀gá mi, irinṣẹ́ yín ti yọ mí nínú wàhálà. Ìyàwó mi náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, ẹ bá mi gbà á.' Orúkọ ọkọ mi ló wà nísàlẹ̀!"

Gbàròyé gbọ́ tí àga ń wọ́ nílẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

"Olówó orí mi, ẹ ṣílẹ̀kùn o. Ọ̀gá yín ló dé."